Mo Pè É Ní Ìdí

Ọdún kan ó lé oṣù mẹ́ta ni mo fi mu àgbo jẹ̀dí nítorí àìsàn tí kì í ṣe jẹ̀dí. Ẹ má bá ìyá mi wí. Èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ pè.

Ohun tó ń ṣe mí kò ṣòro láti sọ. Kórópọ̀n mi ti apá òsì ló ń dùn mí. Kò wú, kò pọ́n, kò gbóná. Mi ò já bọ́ láti orí igi, ẹnikẹ́ni kò sì gbá bọ́ọ̀lù lù mí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan ni, bí ìgbà tí eyín bá ń ro ni, kò sì lọ mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, á fà wá sí itan. Lọ́jọ́ mìíràn, á dákẹ́ títí n óò fi rò pé ó ti tán, àfi ìgbà tí mo bá jókòó. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Èrúwà.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín. Èmi yìí náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdàpè. Èmi ni mo ń dúró níwájú pátákó tí mo ń sọ fún wọn pé ọba kì í kú, ọba a máa wàjà ni. Pé a kì í wo obìnrin lójú kí á ní ó lóyún, ó fẹ́ra kù ni. Pé ọmọ tí a kọ́ tó gbà kì í la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àgbà. Bí ọmọ kan bá pe nǹkan ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an nínú ìdánwò mi, mo ti gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ iṣẹ́ mi dunjú, mo sì ń fi í yangàn.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí ohùn mi rí bẹ́ẹ̀, mo fún un ní àdàpè tó mọ́ tónítóní. Mo ní, "Màámi, ìdí ló ń dùn mí díẹ̀."

"Ìdí? Jẹ̀dí nìyẹn! Ṣebí mo sọ fún ẹ nípa tíì oníṣúgà tí ò ń mu láàárọ̀ lálẹ́? N ò ha sọ ọ́?"

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi kí ó tó fẹ̀yìn tì, bó bá sì ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè kan, ó tán. Kí ọjọ́ Sátidé tó pé, ó ti fi kẹ́ẹ̀gì àgbo rán awakọ̀ kan sí mi láti Igbó-Ọrà, ó sì kọ ìwé mọ́ ọn pé ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ sí ṣúgà, kò gbọdọ̀ sí dòdò. Mo mu ún. Ó korò débi pé bí mo bá ti gbé e mì, n óò gbàgbé ibi tó ń dùn mí fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, mo sì máa ń rò pé bóyá bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ tán, ìkejì dé. Ìyá mi ò ṣọ̀lẹ rárá lórí ọ̀rọ̀ mi. Bí ìfẹ́ bá lè wo kórópọ̀n sàn, tèmi ì bá ti sàn láti oṣù kìíní.

Mo gbìyànjú kẹ́míìsì náà. Mo tún àdàpè mi ṣe kí ó sún mọ́ ibi tí mò ń lọ, mo ní "abẹ́" ló ń dùn mí. Ẹni tó ń ta oògùn náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin o." Oògùn àtọ̀sí ló kó lé mi lọ́wọ́. Èmi ọmọ díákónì! Inú bí mi, ṣùgbọ́n láti bá a jiyàn, mo ní láti ṣàlàyé, láti ṣàlàyé sì rèé, mo ní láti pe orúkọ. Mo dúpẹ́, mo gba kápúsù náà, mo sì lò ó tán bí ẹni tó jẹ̀bi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún alàgbà kan pé ìdí ń yọ mí lẹ́nu, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà kíkankíkan pé kí Olúwa fi ìdí mi múlẹ̀, kí ọwọ́ ayé má sì tó mi. Mo ṣe àmín. Ibi tó wà kọ́ nìyẹn.

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ àwàdà lásán bí kò bá sí ọmọbìnrin kan ní Ayétẹ̀.

Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òògùn koríko, irúgbìn àgbàdo àti ẹ̀rọ tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi fín oko. Ọdún mẹ́ta la ti ń fẹ́ra. Àwọn ẹbí ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ní ìlú tiwa, wọn kì í tilẹ̀ gbàdúrà ọmọ kan fún ìyàwó tuntun. Ní Igbó-Ọrà, méjì ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn ìyá tó ń bá ìyá mi ṣe ẹgbẹ́ ìjọ ti ń bi í bóyá ó ti ń wá ẹní méjì sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń sọ ọ́ báyìí, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bí ẹni pé ó gbọ́. Mo dá ara mi lẹ́jọ́ pé ohun tó bá ń dun ọkùnrin níbẹ̀ fún ọdún kan ti ba ibẹ̀ jẹ́. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo kàn mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Ẹ̀rù bà mí púpọ̀. Mi ò fẹ́ kí n fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ tán kí n wá máa wò ó lójú lọ́dọọdún. Mo dín lílọ sí Ayétẹ̀ kù. Mo ní iṣẹ́ pọ̀. Níkẹyìn mo pinnu láti tú u sílẹ̀, mo sì kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi kọ ọ́. Mo ṣì rántí rẹ̀: "Bí ẹni méjì bá jọ ń rìn, tí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá wúwo, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ má jókòó dè é kí ilẹ̀ ṣú. Olúwa yóò fi ẹni rere pàdé rẹ lọ́nà." Nígbà tí mo kà á tán, omijé bọ́ lójú mi. Mo rò pé kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀wọ̀ já ọmọbìnrin sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èsì rẹ̀ dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. "Àmín o, olówó orí mi lọ́la. Ẹni rere ti pàdé mi, ìwọ náà ni. Ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn ẹ́ ni? Mo ní òróró kan níbí."

Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ kan gbé ìgò òróró wá fún mi. Báyìí ni mo ṣe ń mu àgbo fún ìdí, tí mo ń fi òróró ra ẹsẹ̀, tí kórópọ̀n mi sì jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bá a sọ̀rọ̀.

Obìnrin tó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ yìn níhìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni. Apá Èkìtì ló ti wá, ìjọba gbé e dé Èrúwà nígbà tó wà lọ́mọge, ó sì kọ̀, kò padà mọ́. Ní ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó kéré lára, ó ń wọ awò ojú tó fi òwú dúdú so mọ́ ọrùn, ohùn rẹ̀ sì máa ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ wúwowúwo bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ó wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa láti fún àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tó parí, a fi àga lọ̀ ọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́, èmi náà sì wọlé, mo lọ jókòó síbi ìjókòó mi.

Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀. "Tíṣà, kí ló ṣe ọ́ tó o fi ń jókòó bí adìyẹ tó fẹ́ sàba?"

Mo ní, "Kò sí, Mà. Ìdí ló ń dùn mí díẹ̀."

"Ìdí wo?"

"Ìsàlẹ̀, Mà."

"Ìsàlẹ̀ wo? Ìsàlẹ̀ Èrúwà?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé ojú ti tì mí, ó sì dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń jáde lọ, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n yà lọ́dọ̀ òun lọ́la bí ilé ẹ̀kọ́ bá parí.

Yàrá kékeré kan ló fi ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ọjà. Tábìlì kan, àga méjì, bẹ́ẹ̀dì kan tí aṣọ ìkélé yí ká, àti ìwé ńlá kan tó fi bébà síméǹtì bò. Ó kọ orúkọ mi, ó kọ ọjọ́ orí mi. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè, ó ní, "Kí ló ń dùn ọ́?"

Mo ní, "Nǹkan ọmọkùnrin, Mà."

"Nǹkan ọmọkùnrin pọ̀. Irùngbọ̀n wà níbẹ̀. Fìlà wà níbẹ̀."

Mo wo ilẹ̀. Ó gbé bíírò rẹ̀ kalẹ̀ sórí ìwé, ó ká ọwọ́ lérí. Kò kanra, kò sì kánjú. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò lè kọ ohun tó ò pè. Pè é."

Ẹ ò lè mọ bí ó ṣe rí lára mi. Ẹni tó dàgbà tó ìyá mi ni. Láti kékeré ni wọ́n ti na ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lẹ́nu mi. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mo tún un là. Mo ní, "Kórópọ̀n, Mà. Ti apá òsì."

Ó ní, "O ṣeun," ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé mo ní ìgbọ̀nwọ́ ló ń dùn mí. Ilé kò wó. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, tó ń ká òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn káàkiri, ìṣẹ́jú àáyá kan ni mo fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ó yẹ̀ mí wò lẹ́yìn aṣọ ìkélé náà. Bó ṣe ń ṣe é, ó ní kí n máa sọ ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà fún òun, mo sì sọ pé àdàpè ni. Mo sọ ti ọba tó wàjà. Ó ní, "Ó dára. Òkú ọba ò nílò oògùn mọ́, ẹ lè pè é bó ti wù yín. Alààyè ló yẹ kí a pe nǹkan rẹ̀ lórúkọ." Títí di òní, bí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, mo máa ń fi èyí kún un, mi ò sì gba máàkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó sọ fún mi pé èmi nìkan kọ́. Ọlọ́kadà ti wá, ọmọ pólì ti wá, ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ kọ ebè ti wá. Ọ̀kan ní ikùn, ọ̀kan ní ìbàdí, ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n òun ni nǹkan ń ṣe. "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, Tíṣà, a ò mọ èyí tí inú ń run." Ó wá gbé ìka sókè, ó ní kí n fetí sílẹ̀ dáadáa: bó bá jẹ́ òjijì ni, tó le, tó wú, tó sì mú èébì dání, kí ọkùnrin má jókòó ro ìtìjú rárá, kí ó sáré dé ilé ìwòsàn láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí nǹkan náà lè ti lọ́ pọ̀, ó sì lè kú síbẹ̀. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Tèmi ni èyí tó pẹ́, tí kò ní àmì.

Lẹ́yìn èyí ló sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Mi ò mọ ohun tó ń fà á."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ìyá mi mọ̀: ṣúgà ni. Kẹ́míìsì mọ̀: obìnrin ni. Alàgbà mọ̀: ayé ni. Èmi gan-an mọ̀: àìrọ́mọbí ni. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la ṣì í. Obìnrin tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìkan ni kò mọ̀, ó sì sọ ọ́ láìtijú. Ó mú bíírò pupa, ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá náà lábẹ́ orúkọ mi: N kò tíì mọ̀. Mo bi í pé kí ló fi pupa kọ ọ́ sí. Ó ní kó má baà gbàgbé ni, pé èyí tó bá fi búlúù kọ ti parí, èyí tó bá fi pupa kọ kò jẹ́ kí òun sùn. Mo rí i pé pupa pọ̀ nínú ìwé náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un.

Ó rán mi lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀, sikáànì, àti èyí tí wọ́n ń fún ọkùnrin ní ike kékeré kan tí wọ́n sì ń wo ibòmíràn. Nígbà tí èsì ti ike yẹn dé, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ ń bẹ níbí o. Bó o bá fẹ́, kó o bí ìlú." Mo jókòó, mo tún dìde, mi ò mọ ohun tí n óò fi ọwọ́ mi ṣe. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ó ṣì ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí. Sikáànì náà ní kò sí nǹkan kan. Ẹ wo ọ̀rọ̀ burúkú! Bó bá jẹ́ pé kò sí nǹkan kan, kí ló wá ń ro mí? Ó fi ìwé rán mi sí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Ìbàdàn, dókítà náà yẹ̀ mí wò, ó sì sọ pé bí ara mi ò bá gbà á mọ́, àwọn lè yọ ọ́ kúrò, pé ọkùnrin lè fi ẹyọ kan tó kù ṣe ohun gbogbo. Ìrora ti sú mi. Mo fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti kọ ìbéèrè kan sórí bébà fún mi kí n tó kúrò ní Èrúwà, ó ní kí n kà á jáde bí dókítà bá dárúkọ ọ̀bẹ. Mo kà á bí ọmọ iléèwé: "Bí ẹ bá yọ ọ́, ṣé ìrora náà yóò lọ?"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi mí ta ló kọ ọ́. Ẹni rere lòun náà, kò parọ́ fún mi. Ó ní kò dá òun lójú, pé àwọn kan wà tí wọ́n yọ tiwọn tí ìrora náà sì kù síbẹ̀. Mo ká bébà náà, mo kí i, mo wọ bọ́ọ̀sì padà.

Láti ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì ti kó mi sí iṣẹ́. Ó ní kí n ra jọ́tà kan, kí n máa kọ ọjọ́ tó dùn mí, ọjọ́ tí kò dùn mí, ohun tí mo gbé, ibi tí mo jókòó sí, ohun tí mo rò. Èmi tí mo ń fún èèyàn ní iṣẹ́ àṣetiléwá, mo wá di ẹni tí wọ́n ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì Ẹtì ni mo máa ń gbé e lọ. Bí mo bá kọ àkọfò, á kọ "Tún un ṣe" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun ló rí i, èmi ò rí i, pé ọjọ́ tí mo bá gun ọ̀kadà lọ sọ́nà jíjìn, tàbí tí mo jókòó máàkì ìwé àwọn ọmọ láti àárọ̀, lọ́jọ́ kejì ni ibẹ̀ máa ń le. Òun náà ló rí i pé bí mo bá ti ń ronú, mo máa ń fún gbogbo ara mọ́lẹ̀ láti ìbàdí dé itan, títí kan iṣan tí èèyàn fi ń dá ìtọ̀ dúró, láìmọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Ta lò ń bá jà?" ló máa ń bi mí. "Tú ara rẹ sílẹ̀."

Ó pe àwọn tó mọ̀ lórí fóònù, ọ̀kan tọ́ka sí òmíràn, títí ó fi rí ẹnìkan ní Ìbàdàn tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, ọkùnrin náà tẹ ibì kan ní itan mi nínú, lókè pátápátá, mo sì fò sókè, nítorí ìrora tèmi gan-an ló jí, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ dé. Ó kọ́ mi bí n óò ṣe máa mí sísàlẹ̀, bí n óò ṣe máa na itan, irú pátá tó yẹ kí n máa wọ̀, bí n óò ṣe máa gbé ìrọ̀rí sórí àga. Kò sàn tán. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó dín kù, ó sì ń dín kù. Nígbà tí mo ròyìn fún nọ́ọ̀sì, mo rò pé á mú bíírò búlúù, á kọ pé iṣan ni. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣan wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, òun ò sì ní fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó fi pupa náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo mọ àwọn ọlọ́gbọ́n púpọ̀. Mi ò mọ ẹni tó lè ní sùúrù pẹ̀lú àìmọ̀ tó obìnrin yìí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó pa jọ́tà mi dé, ó ní, "Ọmọbìnrin tó o kọ síbí lójoojúmọ́ yìí ńkọ́? Ṣé ó mọ̀?"

Mo ní mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ tú u sílẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Mo nà án ní fóònù. Ó kà á, ó ka èsì rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí awò ojú fi já bọ́ sí àyà rẹ̀. "O ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa lọ, ó sì ṣe àmín fún ẹ! Ó tún fi òróró ránṣẹ́!" Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ojú rẹ̀ le. "O ti pè é fún mi. O ti pè é fún dókítà. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́?"

Mo ní n óò sọ fún un. Mi ò sọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Mo lè bí ìlú, nọ́ọ̀sì ti wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ ọkọ tó ń gbé ìrọ̀rí kiri, tí kò mọ ohun tó ń ṣe é, tí kò sì mọ ìgbà tí yóò tán?

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo tún fẹ́ lọ Ìbàdàn, mo wà ní gáréèjì Èrúwà, mò ń dúró kí bọ́ọ̀sì kún, nígbà tí mo rí ọmọbìnrin Ayétẹ̀ náà tó ń bọ̀. Ó ti lọ sílé mi, wọ́n ní mo ti jáde. Ó dúró níwájú mi, ó há báàgì rẹ̀ mọ́ abíyá gbágbágbá.

"Wọ́n ní Ìbàdàn lò ń lọ. Ìgbà kẹta nínú oṣù yìí. Ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí ẹnìkan."

"Má purọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, sọ ọ́. Àgbà ni mí."

Òwe méje ló wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé gbogbo wọn mì. Mo ní, "Kórópọ̀n mi ló ń dùn mí. Ó ti lé lọ́dún kan. Wọn ò tíì mọ ohun tó ń fà á. Wọ́n ní mo lè bímọ, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí, bóyá kò sì ní lọ tán. Ìtọ́jú ni mò ń lọ gbà." Mo sọ ọ́ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Awakọ̀ tó ń di ẹrù sórí bọ́ọ̀sì dúró, ó wò mí tàánútàánú.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo rò pé bí o bá gbọ́, wàá lọ."

"Nítorí kí n má baà lọ lo ṣe ń lé mi?"

Ìbínú ló fi sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó yí padà, ó rìn lọ. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi wọ àárín èrò tó dúró síbi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní, ó parí. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo fi ìrọ̀rí mi sórí ìjókòó ẹ̀yìn, mo jókòó, mo sì di ojú mi nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí omijé mi. Bàbá kan wọlé, ó jókòó sí òsì mi, ó gbé àpò gàrí lé itan, àpò náà sì ń tì mí. Ẹnìkan tún jókòó sí ọ̀tún mi. Mo mọ òórùn ìpara rẹ̀ kí n tó la ojú. Tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó gbé ẹnu sún mọ́ mi létí. "Apá ibo ni?"

Mo ní, "Òsì."

Ó nà kọjá níwájú mi, ó fi ọwọ́ kan àpò gàrí náà jẹ́jẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ bá wa sún díẹ̀. Ara ọkọ mi ò yá, nǹkan kan ò gbọdọ̀ gbún un lápá ibẹ̀ yẹn."

Bàbá náà kí mi kú ìrọ́jú, ó sì sún. Ọdún mẹ́ta la ti ń fẹ́ra, kò tíì pè mí ní ọkọ rẹ̀ lójú èèyàn rí.